Ọjọ́ Ìbò Tí Mo Fi Mọ́tò Dábùú Títì

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò wíwà. Bí ẹ bá ti gba Ìdímù lọ sí Ìkọ̀tún rí láàárọ̀, tí ẹ rí Kọ̀róla funfun kan tó gbé páálí tí wọ́n kọ L sí lórí, tó ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́ nítorí pé ẹni tó ń wà á kò tíì mọ kílọ́ọ̀ṣì, tí ẹ fọn fèrè títí, tí ẹ sì bú obìnrin tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi ni. Mo ti gbọ́ èébú yín. Mi ò bínú mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé ẹni tó ń bú èèyàn lójú títì, ohun tó ń dùn ún wà nílé.

Àwọn èèyàn máa ń rò pé ẹni tó ń kọ́ni ní mọ́tò kì í bẹ̀rù mọ́tò. Irọ́ ni. Mo bẹ̀rù rẹ̀ ju gbogbo yín lọ, torí pé ojoojúmọ́ ni mò ń rí bí ọwọ́ èèyàn ṣe máa ń rí lórí stíárìn nígbà tí ọpọlọ bá ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ọwọ́ á le gan-an, ojú á là, ẹsẹ̀ á sì lọ síbi tí kò yẹ kó lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ni o, ọ̀gá ni o, ojú kan náà ni wọ́n ń là.

Ẹnì kan ṣoṣo tí mo kọ́ tí n kò rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ rí ni àbúrò mi ọkùnrin. Àbígbẹ̀yìn màmá wa ni. Ó ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tí màmá wa kú, ọwọ́ mi ni wọ́n fi í lé. Ọ̀rọ̀ ilé àti ẹrù kọ́ ni wọ́n bá mi sọ lórí ibùsùn. Wọ́n ní kí n rí i pé ó ń jẹun, kí n rí i pé ó kàwé, kí n má sì jẹ́ kó kú sí mi lọ́wọ́. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni mo ń gbé sùn, òun náà ni mo ń gbé jí. Ọmọ náà jẹun, ó kàwé dé pólì, kò rí iṣẹ́. Ló bá gba ọkọ̀ àlòkù kan, ó ń fi gbé àwọn èrò tó ń pè é lórí fóònù, láti Ẹ̀gbẹ́dá títí dé ibi tí Ọlọ́run bá gbé e dé. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ lórí stíárìn. Tó bá gbé mi, oorun máa ń gbé mi lọ, èmi tí n kì í sùn nínú mọ́tò ẹnikẹ́ni.

Ọ̀kan nínú àwọn tí mò ń kọ́, ìyàwó ilé kan tí ẹnu rẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ ju ojú rẹ̀ lọ, ló tú àṣírí láìmọ̀. A páàkì sẹ́bàá ọ̀nà kó lè mu omi. Ó mú fóònù jáde, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, ẹ wo àwọn wèrè tó wà ní títì tuntun ẹ̀yìn ilé yín ní Sunday." Mo wò ó. Mọ́tò méjì jọ ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹni tí wọ́n ń lé, àwọn ọ̀dọ́ tò sẹ́bàá títì, wọ́n ń hó yèè. Aṣọ ìnura aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi bo ìjókòó èyí tó wà níwájú. Èmi ni mo ra aṣọ ìnura yẹn ní Ìkọ̀tún.

Mo dá fóònù padà fún un, mo ní kó ṣíná, ká máa lọ. Ó ń wa mọ́tò lọ, ó ń sọ̀rọ̀ lọ, kò mọ̀ pé n kò rí ọ̀nà mọ́.

Ẹ̀bà ni àbúrò mi ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tí mo bá a nílé. Mi ò jókòó.

"Ta ló wa mọ́tò ẹ lọ sí títì tuntun ní Sunday?"

Kò purọ́. Ìyẹn ló tiẹ̀ bí mi nínú jù. "Èmi ni, sista mi."

"O fẹ́ kú, àbí?"

"Mi ò fẹ́ kú. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi. Ṣé ẹ rí i kí n ṣi kọ́nà gbà rí?"

"Títì ò mọ ẹni tó kọ́ ẹ."

Ó fọ ọwọ́, ó rọra nù ún. "Sista, ẹ gbọ́ ná. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni mò ń gbé èrò. Èébú, gósìlóò, 'Dírébà, ṣé ò ń sùn ni?' Ìgbà tí mo bá ń sáré yẹn nìkan ni mo máa ń mọ̀ pé mo mọ nǹkan kan ṣe láyé yìí. Àwọn ọmọ olówó ń wọkọ̀ òfuurufú lọ sí ìlú tí wọ́n ti ní pápá, wọ́n ń sáré, wọ́n ń gba ife-ẹ̀yẹ. Àwa ńkọ́? Ẹ fún wa níbi tí a ti lè sá a, kẹ́ ẹ wò ó bóyá a máa wá sí títì."

Mo bú u dáadáa. Mo bú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, mo bú ẹni tó dá mọ́tò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé yàrá mi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò létí mi, torí pé òótọ́ wà níbẹ̀. Mo mọ gbogbo Alímọ̀ṣọ́ láti Pleasure títí dé Ìjẹ̀gùn, iṣẹ́ mi ló gbé mi débẹ̀. Ibi tí ọ̀dọ́ ti lè gbá bọ́ọ̀lù pàápàá ti ń di ilé ìtajà. Ta ló máa wá fún wọn níbi tí wọ́n ti máa fi mọ́tò sáré?

Síbẹ̀ mo wá a. Mo lọ bá ọ̀gá iléèwé kan tó ní pápá ńlá, ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ kó olè wọlé. Mo lọ bá pásítọ̀ wa nítorí ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì ń páàkì mọ́tò sí, wọ́n ní ká kọ́kọ́ gbàdúrà sí i. A ṣì ń gba àdúrà ọ̀hún títí di òní.

Ẹni tí mo wá fọkàn sí jù ni bàbá onílẹ̀ tó wà ní òpópónà wa ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Alájì ni wọ́n, ìdílé wọn ló ni ilẹ̀ ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú àwa ayálégbé tó dé. Wọ́n ní ilẹ̀ kan lẹ́yìn mọ́sálásí, wọ́n ti mọ fẹ́ǹsì yí i ká, wọ́n ti da amọ̀ pupa sí i, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, torí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di gáréèjì àwọn tírélà. Gáréèjì ò bọ́ sí i, ilẹ̀ kàn wà bẹ́ẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé: mọ́tò kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, wọn ò ní kọlu ara wọn, táyà àtijọ́ la máa fi pààlà ọ̀nà, èmi fúnra mi ni màá dúró tì wọ́n. Kò ní ná àwọn ọmọ náà ju epo tí wọ́n máa bu sí mọ́tò lọ.

Bàbá gbọ́ mi tán. Wọ́n ní, "Tíṣà, ọdún tí páìpù epo gbiná ní Ìjẹ̀gùn, mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbé àwọn ọmọ iléèwé jáde. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbé òkú ọmọ kankan kúrò lórí ilẹ̀ bàbá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Mo dìde, mo gbọn eruku orúnkún mi. Mo délé, mo sọ fún àbúrò mi pé mò ń wá ibi kan fún wọn, pé kó ní sùúrù. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun ti gbọ́, wọ́n ní eré ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni sísáré yí táyà ká, pé eré tí ajá bá fi ogún ọdún sá, ìrìn fàájì ni fún ẹṣin. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí a ṣe ń gbé nínú ilé nìyẹn. Bí fóònù bá ti dún, àyà mi á já.

Ọjọ́ ìbò ìjọba ìbílẹ̀ wá dé. Ẹni tó bá mọ Èkó mọ̀ pé ọjọ́ ìbò ni títì máa ń sinmi. Ìjọba á ní kí ọkọ̀ kankan má rìn títí tí wọ́n á fi dìbò tán, àwọn ọmọdé á sì gba títì. Òkúta méjì níbí, òkúta méjì lọ́hùn-ún, ó ti di pápá bọ́ọ̀lù. Kò sẹ́ni tó ń kọ̀ ọ́ fún wọn, torí pé gbogbo wa náà la ti gbá a rí. Àwọn ọmọ òpópónà wa máa ń gbá tiwọn níwájú ilé wa gan-an, ibẹ̀ tẹ́jú.

Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, iwájú ilé wa ni wọ́n gbé ibùdó ìdìbò sí. Tábìlì kan, àga ike díẹ̀, àpótí ìbò, àti ọlọ́pàá kan tó ń tòògbé. Èrò ò pọ̀. Mo tò sórí ìlà, Alájì onílẹ̀ wà lórí àga níwájú torí ọjọ́ orí wọn. Àbúrò mi ti fẹsẹ̀ rìn jáde láàárọ̀, ó ní òun ń lọ dìbò ní apá Ìgàndó níbi tí òun ti forúkọ sílẹ̀. Mọ́tò rẹ̀ ò sí nínú ọgbà. Ó ti sọ fún mi ní alẹ́ àná pé ó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mo gbà á gbọ́, torí pé ó wù mí láti gbà á gbọ́.

Àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Kò pẹ́ rárá, bọ́ọ̀lù fò sókè, ó bọ́ sórí tábìlì, ìwé ìbò fọ́n ká, tàdáwà tẹ̀ka-tẹ̀ka dà sára aṣọ òṣìṣẹ́ ìdìbò. Ọlọ́pàá jí lójijì, ó gba bọ́ọ̀lù, ó ní òun máa fi ọ̀bẹ là á. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀. Ọmọ-ọmọ Alájì wà nínú wọn, òun ló ń ṣọ́ góòlù, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ sílípáàsì bí ìbọ̀wọ́. Alájì na ọwọ́, wọ́n gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọlọ́pàá, wọ́n fún àwọn ọmọ náà.

"Ẹ kúrò níbí jàre. Ẹ lọ sí títì tuntun, ibẹ̀ fẹ̀. Kò ṣáà sí mọ́tò lónìí."

Gbogbo wa la gbọ́, gbogbo wa la gbà pé ọ̀rọ̀ àgbà ni. Àwọn ọmọ gbé òkúta wọn, wọ́n sáré lọ sẹ́yìn ilé.

Ìlà sún díẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìdìbò ń nu aṣọ rẹ̀, ó ń kùn. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ìró kan láti ọ̀nà ìsàlẹ̀. Ó dún, ó dáwọ́ dúró, ó tún dún. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi rò pé jẹnẹrétọ̀ ni. Èmi mọ̀ ọ́n. Àbúrò mi ti yọ sàlẹ́ńsà mọ́tò rẹ̀, kò sí ìró tí mo mọ̀ tó ìyẹn, torí ìró yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ó ti wọlé kí n tó lè sùn. Wọ́n ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná ni. Àwọn náà ti rò ó pé kò ní sí mọ́tò lójú títì lónìí.

Mo pè é. Fóònù dún títí ó fi gé. Mo tún pè.

Mo kúrò lórí ìlà. Kọ̀róla mi wà lẹ́nu géètì, mo wọlé, mo ṣíná. Ọlọ́pàá dìde, ó na ọwọ́ sí mi. "Madam, níbo lẹ̀ ń lọ? No movement o!"

"Tó bá wù ẹ́, yìnbọn," ni mo wí, mo sì lọ.

Òpópónà wa já sí títì tuntun ní kété kí títì náà tó yí kọ́nà. Tí èèyàn bá yọ síbẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni títì ti gùn láti ìsàlẹ̀ wá, ó na tààrà, ojú ń rí i dé òpin. Ọwọ́ òsì ni kọ́nà wà, fẹ́ǹsì ilé àkọ́kù kan sì ga débi pé ẹni tó ń bọ̀ kò lè rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo yọ síbẹ̀. Mo gbọ́ ohùn àwọn ọmọ lẹ́yìn kọ́nà, wọ́n ń jiyàn bóyá góòlù wọlé àbí kò wọlé. Mo wo ọwọ́ ọ̀tún. Mọ́tò méjì ti ṣí kúrò nílẹ̀.

Mo rò ó pé kí n sáré lọ lé àwọn ọmọ náà. Wọ́n pọ̀, àwọn kan nínú wọn kéré, ọmọdé tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kò ní ṣeé ṣe. Ni mo bá gbé Kọ̀róla síwájú, mo yí i, mo fi dábùú títì, mo tan iná ìkìlọ̀ méjèèjì. Kò dí títì tán. Àyè kan kù láàárín imú mọ́tò àti gọ́tà, ó gba mọ́tò kan. Mo jáde, mo lọ dúró sínú àyè yẹn.

Àwọn èèyàn ti bi mí pé kí ló wà lọ́kàn mi. Kò sí nǹkan kan. Mo kàn mọ̀ pé ó máa wá àyè, torí pé mo ti kọ́ ọ kó máa wá àyè, mi ò sì fẹ́ kó rí òmíràn yàtọ̀ sí èmi.

Òun ló wà níwájú. Mo rí gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ tó ń tàn, n kò rí ojú rẹ̀. Wọ́n ń bọ̀, ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ bàtà mi. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó dà bí ẹni pé kò ní dúró mọ́, mo sì di ojú.

Bíréèkì ké. Òórùn táyà tó jóná kún imú mi. Nígbà tí mo la ojú, mọ́tò àbúrò mi ti dábùú níwájú mi, ó sún mọ́ mi débi pé ooru ẹ́ńjìnnì ń lu aṣọ ìró mi. Mọ́tò kejì ti yà bàrà fún un, ó fo gọ́tà, ó kọlu fẹ́ǹsì ilé àkọ́kù yẹn. Búlọ́ọ̀kù wó lé e lórí. Ọ̀dọ́kùnrin inú rẹ̀ ń pe ìyá rẹ̀.

Àbúrò mi jáde. Ètè rẹ̀ funfun. "Ṣé ẹ fẹ́ kú ni? Sista, ṣé ẹ fẹ́ kú ni?"

Ìgbà náà ni bọ́ọ̀lù yí jáde láti kọ́nà. Títì yẹn dà sísàlẹ̀, bọ́ọ̀lù ń rọra yí bọ̀, ó gba abẹ́ Kọ̀róla mi kọjá, ó lọ dúró síbi táyà mọ́tò àbúrò mi. Ọmọ-ọmọ Alájì sáré tẹ̀ lé e, láìwọ bàtà, sílípáàsì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Àwọn yòókù sáré yọ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí mọ́tò, wọ́n dúró.

Àbúrò mi wo bọ́ọ̀lù, ó wo ọmọ náà, ó wo àwọn yòókù títí dé orí èyí tó kéré jù. Ó jókòó sílẹ̀ lórí ọ̀dà gbígbóná. Ó bì.

Ẹnikẹ́ni ò kú. Ẹsẹ̀ ọ̀dọ́kùnrin kejì kán níbi méjì, wọ́n fi ilẹ̀kùn gbé e lọ sí ọsibítù. Àwọn ọlọ́pàá gba mọ́tò àbúrò mi, wọ́n mú òun náà, a bẹ̀bẹ̀ títí kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Wọn ò fi mọ́tò ní tiẹ̀ sílẹ̀. Àwọn aládùúgbò ń wá kí mi, wọ́n ní kí n ṣọpẹ́, ó ti jáwọ́.

Lóòótọ́ ló jáwọ́. Ó jáwọ́ nínú gbogbo nǹkan. Kò bèèrè mọ́tò mọ́, kò bèèrè iṣẹ́. Tí mo bá rán an níṣẹ́ dé Ìkọ̀tún, ọ̀kadà ló ń gùn, bí ẹni pé ọ̀kadà ni ẹlẹ́mìí gígùn. Ó ń jókòó sẹ́yìnkùlé, ó ń wo ògiri. Oúnjẹ tí mo bá gbé fún un, adìẹ ló ń jẹ ẹ́. Mo fẹ́ kí eré yẹn kú, mo fẹ́ ẹ tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n mi ò sọ pé kí àbúrò mi bá a lọ. Àárẹ̀ mú mi ju ìgbà tó ń sáré lọ. Nígbà náà, ó kéré tán, mo mọ ohun tí mò ń bẹ̀rù.

Nígbà tó yá, Alájì wá sílé wa. Bàbá tí wọn kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà wọn. Wọn ò jókòó lórí àga tí mo gbé wá.

"Tíṣà, èmi ni mo ní kí wọ́n lọ gbá a níbẹ̀."

"Bàbá, ẹ ò mọ̀."

"Ẹnikẹ́ni ò mọ̀, ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí. Mo sọ pé mi ò fẹ́ òkú lórí ilẹ̀ mi, díẹ̀ ló kù kí òkú ọmọ-ọmọ mi gan-an wà lórí títì." Wọ́n nawọ́ sí apá mọ́sálásí. "Ẹ lo ilẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sáré níbẹ̀, kó kọ́kọ́ gbé ẹni tó máa sunkún ẹ̀ tó bá kú, kó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí wọ́n jọ yí i lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lè dá lọ."

Mo lọ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, mo lọ sọ fún àwọn ọlọ́pàá kí wọ́n má bàa sọ pé àwọn ò gbọ́. Àwọn vọkanáísà fún wa ní táyà tó ti kú. Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa gbé àpótí oògùn rẹ̀ wá. Akoto ọ̀kadà ni wọ́n ń dé, bẹ́líìtì ò sì ṣeé yẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ dé, wọ́n ń yínmú sí táyà tí a tò. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé gbá táyà mẹ́ta dànù ní kọ́nà àkọ́kọ́, ni yẹ̀yẹ́ bá dáwọ́ dúró. Wọ́n rí i pé ó rọrùn láti tẹ tọ́tù kí mọ́tò sáré lórí títì tó na tààrà. Àtiyí ló ṣòro.

Àwọn ìyá wá o. Òmíràn ń ké "Jésù" láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òmíràn ń ké "Lá ìláhà". Ìyá kan, olórí akọrin ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, bọ́ sílẹ̀, ó gbá ọmọ rẹ̀ létí, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó wá ní kí wọ́n tún gbé òun yí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo rẹ́rìn-ín débi pé omi jáde lójú mi. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán wà níbẹ̀ náà, ó fi igi gbé ara ró, òun ló ń fi fóònù wo àkókò fún wọn.

Táyà ni àbúrò mi wá tò. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ nílé, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe, ó ń gbé èyí tó bá ṣubú dìde, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí gbogbo wọn sá tán, Alájì pè é látorí àga wọn. "Ìwọ ló kù."

"Bàbá, mi ò wa mọ́tò mọ́."

Mo lọ dì í lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Mo mú un dé ibi Kọ̀róla, mo ṣí ilẹ̀kùn dírébà fún un, mo yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo de bẹ́líìtì. Ó pẹ́ kó tó wọlé. Nígbà tó ṣíná, mo rí ojú tí n kò rí lójú rẹ̀ rí, ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ó là sílẹ̀ gbangba.

A gbéra. Ó ń lọ bí ẹni tó gbé ẹyin. A yí táyà àkọ́kọ́, a yí èkejì. Mo rí i pé ojú rẹ̀ kò sí lọ́nà. Ẹsẹ̀ mi ló ń wò. Mọ́tò tí a fi ń kọ́ni máa ń ní bíréèkì méjì, ọ̀kan níwájú ẹni tó ń kọ́ ọ, ọ̀kan níwájú tíṣà, èmi ò sì mọ̀ pé mo ti gbé ẹsẹ̀ lé tèmi láti ìgbà tí a ti kúrò nílẹ̀.

Mo bọ́ bàtà. Mo ká ẹsẹ̀ mi méjèèjì sókè, mo jókòó lé wọn lórí àga bí obìnrin tó ń dirun.

"Sista, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín sílẹ̀."

"Mi ò gbé e sílẹ̀."

"Sista, ẹ jọ̀ọ́. Tí mo bá ṣì í ńkọ́?"

"Wo iwájú ẹ," ni mo wí. "Tẹ̀ ẹ́."

Ó mí. Mo gbọ́ ọ nígbà tó mí. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ lórí stíárìn, ẹ́ńjìnnì sì bú. Ẹ̀yìn mi lẹ̀ mọ́ àga, táyà ń sáré bọ̀ wá bá wa, ẹ̀rù sì bà mí débi pé mo fi eyín mú ahọ́n mi. Mi ò gbé ẹsẹ̀ mi sílẹ̀.